Orí Máṣíìnì Tí Wọ́n Gbé Lọ ní Agbowó

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní Agbowó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tábìlì máṣíìnì nìkan ni mo bá. Orí máṣíìnì, ìyẹn irin dúdú tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ti kúrò níbẹ̀. Ihò tó máa ń jókòó sí la ẹnu sílẹ̀, bẹ́líìtì tó ń yí i sì ń fì dirodiro nísàlẹ̀ tábìlì. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Wọn ò mú aṣọ kankan. Àwọn yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé tó ti gé sílẹ̀ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò ṣì wà lórí àga bó ṣe tò wọ́n. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ ṣe é: ó tú àwọn ìdè rẹ̀, ó kó wọn sínú ife oníke kan, ó sì so àkísà pupa mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ó ní òun lọ mú ọmọ òun wá láti ilé-ìwé ni, òun ò sì pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló rí wọn.

"Àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ ni," ó ní. "Àwọn ọkùnrin kan. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ ra omi."

"Ẹ sì ń wò wọ́n?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá a tún un ṣe ni. Olè wo ló ń dúró gba ṣéńjì?"

Ó yà mí lẹ́nu débi pé n kò lè bínú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbínú tó wà nínú mi títí di òní, ẹ̀yìn ló dé, ó sì ń dé díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá rò pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà ni mo tún ń rí ìdí mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bù mọ́ ọn.

Ọmọ ìyá mi ni àbúrò mi yìí. Èkìtì la ti wá. Èmi wá kàwé ní Ìbàdàn, mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Bódìjà. Òun dé bá mi pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ní òun ń lọ wáṣẹ́ lókè òkun, tí kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́. Pálọ̀ mi ni wọ́n ń sùn sí. Kò ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí abiyamọ tó wù kó máa ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀ kí àlejò ẹlòmíràn tó wọlé.

Nígbà náà ni wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àjọ kan fẹ́ ran àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ kí ìṣẹ́ lè dínkù láàárín ìlú. Wọ́n á kọ́ àwọn obìnrin láṣọ rírán lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road, wọ́n á sì fún oníkálukú ní máṣíìnì tirẹ̀. Àbúrò mi wọlé. Olùkọ́ wọn jẹ́ ìyá kan tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà. Bí àbúrò mi bá ti délé, Tíṣà ló kù: Tíṣà ní kí a má ṣe fi eyín gé òwú, Tíṣà ní ọrùn aṣọ la fi ń mọ aránṣọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín máṣíìnì, mo lọ, mo rí obìnrin náà, mo kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó fọwọ́ pa mí léjìká. Wọ́n ti lẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ gbogbo orí máṣíìnì náà, àmì àjọ wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Láti òní lọ, ẹ ti di ọ̀gá ara yín." A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

Àbúrò mi gba ṣọ́ọ̀bù pákó kékeré kan níwájú ilé kan ní Agbowó. Ìyá tó ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tuntun fún un. Bó bá rán wọn tán kí wọ́n tó wọlé ní sáà tuntun, tirẹ̀ ni iṣẹ́ ilé-ìwé náà láti ìgbà náà lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ á sì lè gba yàrá tiwọn. Bí kò bá rán wọn tán, obìnrin náà ti sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé télọ̀ pọ̀ ní Agbowó ju adìẹ lọ.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn kí wọ́n tó gbé orí máṣíìnì lọ.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu káńtà gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán, ó sì bi mí bóyá wọ́n so àkísà pupa.

"Wọ́n so ó."

"Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìyẹn, mà. Wọn ò jí i. Wọ́n gbà á ni."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Tí wọ́n bá jí i, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ máa lọ bá wọn. Ẹ lọ sí ìpàdé wọn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má bá wọn jà o. Àwọn ló ń rán yunifọ́ọ̀mù tiwa náà."

Mo wo ọrùn aṣọ rẹ̀. Wọ́n rán an dáadáa. Mo jáde.

Gbogbo ará Ìbàdàn tó bá ti ránṣọ rí ló mọ̀ pé èèyàn kì í rí télọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìpàdé ni wọ́n máa ń wà. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, èmi àti àbúrò mi sì lọ sí gbọ̀ngàn tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ń lò ní Bódìjà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lọ́kàn: dúkìá ẹni, òfin ilẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti jẹun.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nígbà tí a wọlé ni orí máṣíìnì. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà, ìwé aláwọ̀ ìyeyè kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn. Mo ń wá tiwa láàárín wọn nígbà tí mo gbójú sókè wo àga alága.

Tíṣà ló jókòó síbẹ̀.

Àbúrò mi ti wà lórí eékún kí n tó lanu.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà mà. Ó ti lọ sílé-ìwé."

"Ó dáa. Mo ti ń retí rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ kan ti wá ṣáájú."

Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń bi ọmọ bóyá ó ti jẹun. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Bí ọlọ́ṣà ni mo bá lórí àga yẹn, ǹ bá ti mọ ohun tí màá sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n lọ gbé máṣíìnì rẹ̀?"

"Èmi náà ni. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n ọmọ."

"Mi ò jókòó, mà."

"Ó dáa, ẹ dúró. Téèyàn bá dúró la máa ń rí ibi tí aṣọ ti fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aṣọ tí mo wọ̀ fún mi lóòótọ́, ìyẹn kò sì dín ohun tí mo bá wá kù.

Mo bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àbúrò mi ṣẹ̀. Akọ̀wé wọn, ọkùnrin kan tó fi téèpù kọ́ ọrùn bí aago, ló dáhùn.

"Ta ló ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un?"

Fírídọ́ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń pe ẹgbẹ́ jọ, tí yóò gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, tí yóò sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ dá dúró. Kò sí nínú òfin ìjọba kankan, ṣùgbọ́n aránṣọ, aṣerunlóge, mẹkáníìkì, káfíńtà, kò sí ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìṣe é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Àjọ tó fẹ́ mú ìṣẹ́ kúrò nílẹ̀ yìí ló ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

"Àjọ fún un níwèé ẹ̀rí," mo ní.

"Ìwé ẹ̀rí àjọ dára," akọ̀wé ní. "Kó gbé e kọ́ ògiri."

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é ní Èkìtì ni?" obìnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn, nítorí ó ti gbọ́ ohùn mi.

"Ìwé ni wọ́n ń kà lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í ránṣọ," ẹlòmíràn dá a lóhùn. "Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbogbo wọn ni ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣòkòtò wọn ò sì balẹ̀."

Gbọ̀ngàn náà mì tìtì. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì dákẹ́.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n ọmọ. Tó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́ lọ́la, ta ni wọ́n máa lọ bá?"

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ."

"Mo kọ́ ọ. Mi ò gbà á. Àjọ sanwó fún mi pé kí n kọ́ ọ, mo kọ́ ọ dáadáa. Àjọ ò ní kí n gbà á lọ́mọ iṣẹ́."

"Ẹ ò sì sọ fún un pé ẹ máa wá gbé máṣíìnì rẹ̀?"

"Mo sọ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kó wá rí mi. Ẹ bi í."

Mo wo àbúrò mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mo rò pé kí n wá kí wọn ni wọ́n ní kí n ṣe," ó ní jẹ́jẹ́.

Tíṣà nàka sí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá àwọn ọ̀gá wọn wá, tí wọ́n gbé báàgì àti ìgò omi dání.

"Ẹ wo àwọn wọ̀nyẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òbí wọn ló ń ra abẹ́rẹ́ fún wọn. Àjọ yín ò fún wọn ní òwú kan. Tí ẹni oṣù mẹ́fà bá gba máṣíìnì ọ̀fẹ́, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ń gba iye tí kò tó iye, kí ni kí n sọ fún wọn? Èmi náà fọ ìlédìí ọmọ ọ̀gá mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́là."

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, mi ò sì ní purọ́ pé kò ní. Ṣùgbọ́n bí ìyà bá jẹ ẹ́ nígbà tirẹ̀, ṣé ọmọ ìyá mi ló fi jẹ ẹ́ ni? Bó bá mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ṣé kò yẹ kó sọ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un kí ó tó gbowó oṣù àkọ́kọ́? Mo bi í. Ó ní kí n lọ bi àjọ.

Ìdájọ́ wọn ni pé kí àbúrò mi lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan fún ọdún kan, ó kéré tán, kó ṣe fírídọ́ọ̀mù, kí wọ́n gbé orí máṣíìnì rẹ̀ fún un.

"Kó tún lọ kọ́ kí ni?" mo ní. "Ẹ ti kọ́ ọ tán."

"Kó lọ kọ́ sùúrù," Tíṣà ní. "Ẹ̀yin náà lè bá a wá."

Mo lọ bi àjọ lóòótọ́. Ilé ńlá kan ní Jẹ́ríkò ni ọ́fíìsì wọn, igi ṣíji bò ó, inú rẹ̀ sì tutù bí ilé ẹja. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ fún wọn pé wọ́n ti di ọ̀gá ara wọn ló jáde wá bá mi, káàdì rẹ̀ rọ̀ sí i láyà. Ọmọlúàbí ni. Ó fún mi lómi.

"Àǹtí, a mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ wá."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"A fi sínú rípọ́ọ̀tù wa."

"Kí lẹ kọ?"

"A kọ ọ́ pé ó jẹ́ ìpèníjà."

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó ń gba máṣíìnì lọ ni wọ́n gbà láti máa kọ́ àwọn tí wọ́n ń fún ní máṣíìnì. Kò pa á mọ́. Ó ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láìbá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ á wá ti gbọ̀ngàn náà pa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi iṣẹ́ náà lọ alága fúnra rẹ̀, kí àlàáfíà lè wà.

"Àlàáfíà sì wà," ó ní. "Oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu."

"Oṣù keje ńkọ́?"

"Ètò wa ò dé oṣù keje, Àǹtí. Lọ́jọ́ tí a fa máṣíìnì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ti di oníṣòwò nínú àkọsílẹ̀ wa. A ò láṣẹ lórí dúkìá wọn mọ́."

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé owó ìbẹ̀rẹ̀ ló ń yọ oníṣòwò kékeré lẹ́nu jù. Mo jókòó sínú òtútù yẹn, mo ń wo ọmọkùnrin tó lè pe ẹni tí kò ní máṣíìnì, tí kò ní oníbàárà, tí wọ́n ti so àkísà pupa mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀, ní oníṣòwò. Ó rò pé mo ti gbà ni. Ó sún mọ́ mi, ó ní àwọn tó ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti òkèèrè fẹ́ rí fídíò àwọn tó ti ń ṣe dáadáa, pé àbúrò mi máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, pé ṣé ó lè wá.

"Kò ní máṣíìnì," mo ní.

"Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. A lè yá ọ̀kan fún un lọ́jọ́ yẹn."

Mo dìde. Omi tó fún mi ṣì wà nínú ife.

Ọjọ́ ìwọlé ọmọ ilé-ìwé ń sún mọ́. Mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí àjọ, mo kọ òmíràn sí ìjọba ìbílẹ̀. Àjọ dáhùn pé àwọn mọ rírì èrò mi. Ìjọba ìbílẹ̀ kò dáhùn rárá. Àbúrò mi kò bi mí nípa àwọn lẹ́tà náà. Ó kàn ń jáde kùtùkùtù, mo sì rí i lọ́jọ́ kan pé àwọn yunifọ́ọ̀mù tó gé sílẹ̀ kò sí lórí àga mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti rí máṣíìnì yá lọ́wọ́ ẹnì kan.

Lọ́jọ́ ọlidé kan mo lọ ra gààrí ní ọjà Bódìjà. Nígbà tí mo ń bọ̀ mo gba ojúlé kan kọjá níbi tí máṣíìnì ti ń dún, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Ohùn àbúrò mi ni. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kúnlẹ̀ fún oníbàárà, kò tíì rí i pé èmi ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Tíṣà jókòó sórí àga, ó ń fi ẹfun fa ìlà sórí aṣọ. Orí máṣíìnì tiwa, pẹ̀lú ìwé ìyeyè lára rẹ̀, wà lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń fi í rán ìdí yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé.

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà lọ.

"Dìde," mo sọ fún àbúrò mi.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní dìde. Ìyá ọlọ́mọ ni ẹ́."

Tíṣà kò gbójú sókè. "Ẹ má bínú sí i. Òun ló wá fúnra rẹ̀. Mo ní nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ, ọdún kan náà ti tó. Ẹlòmíràn á gba ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀."

"Máṣíìnì rẹ̀ lẹ fi ń ṣiṣẹ́ yẹn."

"Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà. Ohun tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ọmọ ló ń lò ó."

"Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ nìyẹn."

"Ó ti di iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ti lọ rí ìyá tó ni ilé-ìwé náà. Inú wọn dùn pé ọmọ náà ti ní ọ̀gá."

Àbúrò mi tẹ̀ lé mi jáde dé ẹ̀gbẹ́ títì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Ó dúró títí mo fi parí.

"Àǹtí mi, lẹ́tà yín dára. Mo kà á. Kò sí èyí tó lè rán bọ́tìnnì kan nínú wọn. Ọmọ wọ̀nyẹn á wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó jí máṣíìnì rẹ, o sì ń gbálẹ̀ fún un."

"Màá gbálẹ̀ fún ọdún kan. Pálọ̀ yín ni mo ń gbá láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ò sì pè é ní nǹkan kan."

Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lórí títì pẹ̀lú gààrí mi.

Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún yẹn, nítorí mo ń bèèrè, òun náà kì í purọ́ fún mi. Ó ń pọn omi. Ó ń lọ mú ọmọ-ọmọ Tíṣà láti ilé-ìwé, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ń dúró dè mí ní yàrá àwọn olùkọ́ títí ilẹ̀ fi ń ta. Sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé náà. Òun ló gé gbogbo rẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló sì ń gbà. Tíṣà sì kọ́ ọ ní kóòtù àti bùbá olówó ńlá tí kò kọ́ wọn ní Ring Road, ó ń jẹ́ kó jókòó jẹun pẹ̀lú òun, ó bá a ra oògùn nígbà tí ibà mú ọmọ rẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ nítorí òótọ́ ni, kì í ṣe nítorí pé ó pa èyí tó ṣáájú rẹ́.

Nígbà tí fírídọ́ọ̀mù kù dẹ̀dẹ̀, àbúrò mi jókòó tì mí ní ilé ìdáná.

"Ẹni tó mú ọmọ wá máa ń dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá lójú ẹgbẹ́," ó ní. "Tí kò bá dúpẹ́, wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì léni lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹni tó mú mi wá."

"Èmi kọ́ ni mo mú ọ lọ síbẹ̀."

"Mi ò ní ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan péré, Àǹtí mi. Ẹ má ṣàlàyé."

Gbọ̀ngàn Bódìjà náà ló tún jẹ́. Àwọn tó ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà pọ̀ díẹ̀, àwọn kan nínú wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní Ring Road. Wọ́n kúnlẹ̀ ní ìlà kan. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin àjọ níwájú pátápátá, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì wà láyà rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi.

Nígbà tó kan àbúrò mi, akọ̀wé gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá bá mi.

"Ẹni tó ni ọmọ, ẹ dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ bá wa sọ̀rọ̀."

Mo dìde. Ohun gbogbo ló wà lẹ́nu mi ní títòtẹ̀léra: ìkìlọ̀ tí kò ṣe kedere lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kò sí níbẹ̀, àkísà pupa, orí máṣíìnì tí gbogbo ọmọ ń lò, iṣẹ́ ilé-ìwé tó di ti ẹlòmíràn, owó sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ tó ń dúró. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn àbúrò mi. Ó tẹ orí ba. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, àtàǹpàkò kan ń ha ìkejì. Tíṣà ń wò mí láìsí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Mo rò ó títí di òní, mo sì gbà pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Ẹ ṣé, mà," mo ní. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Wọ́n ń retí ìyókù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ó tán?" akọ̀wé bèèrè.

"Ó tán."

"A ò rò pé ó lè kúrú tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, Tíṣà sì fi sísọ́ọ̀sì lé àbúrò mi lọ́wọ́.

Mo rò pé ìyàlẹ́nu ti tán fún mi. Wọ́n wá gbé àwọn orí máṣíìnì jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀dọ́mọkùnrin àjọ dìde, ó ní inú àjọ òun dùn láti tún ti àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́yìn. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa orí máṣíìnì lé àbúrò mi lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò. Mo sún mọ́ ọn. Tiwa ni. Ojú ibi tó ha nígbà tí a ń gbé e wọ Agbowó ṣì wà níbẹ̀. Ìwé ìyeyè ti di méjì: tuntun wà lórí èyí tó ti ṣá. Wọ́n fún un ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì máa kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì nínú gbọ̀ngàn yẹn àfi èmi.

"Ẹ jẹ́ ká mú Àǹtí náà mọ́ ọn," ọmọkùnrin náà ní, ó sì gbé kámẹ́rà sókè.

Mo kọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo kọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni mo gbé orí máṣíìnì náà dé Agbowó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyá olómi tútù bá wa gbé e wọlé. A gbé e sórí tábìlì, a dè é, àbúrò mi sì gbé bẹ́líìtì kọ́ ọn. Ó fi aṣọ pélébé kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Máṣíìnì ń fo òwú. Ó rán díẹ̀, ó fo, ó rán díẹ̀, ó fo. Nígbà tí a gbà á ní Ring Road, ọ̀rá ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

"Wọ́n ti lò ó gbó," mo ní. "O rí i? Wọ́n ti lò ó gbó, wọ́n wá dá a padà fún ọ bí ẹ̀bùn."

"Mo mọ̀ mà. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ orí máṣíìnì díẹ̀ nítòsí abẹ́rẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ lé ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Ó tẹ ẹsẹ̀. Máṣíìnì náà rán lọ tààrà dé òpin aṣọ. Ó gé òwú, ó na aṣọ aláwọ̀ ewé tí ìyá ilé-ìwé náà ti kó ránṣẹ́ láàárọ̀ sórí tábìlì, ó sì ń wá ojú ìlà rẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ dí ìmọ́lẹ̀."